Kì í ṣe narrowband ló pa scanner wa lẹ́nu mọ́

Sí Olóòtú,

Lẹ́tà tí arákùnrin wa kan kọ láti Brooklyn, tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ló mú mi gbé kálàmù. Ó ní òfin narrowband tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ni kò jẹ́ kí scanner òun gbọ́ ọlọ́pàá mọ́, ó sì gba gbogbo ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ dà á sí ààtàn. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ yé mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kọ́ ló ń bá jà.

Iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó wá síhìn-ín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ìlú kékeré kan ní Pennsylvania, scanner Bearcat àtijọ́ kan sì wà lórí tábìlì ìdáná wa. Fún ẹni tí kò bá mọ scanner, rédíò tó máa ń sáré láti ikànnì kan bọ́ sí òmíràn ni, tí yóò sì dúró níbi tó bá ti bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Òun la fi ń gbọ́ àwọn panápaná wa, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará àdúgbò tó ń ṣe é láìgba owó. Bí iná bá sọ lóru, èmi àti ìyàwó mi á ti mọ̀ bóyá òpópónà wa ni.

FCC, àjọ tó ń pín ojú òfuurufú fún àwọn tó ń lo rédíò, ló pàṣẹ ní 2004 pé, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2013, kí àwọn ọlọ́pàá, panápaná àti ilé-iṣẹ́ tó ń lo VHF láàárín 150 sí 174 MHz, àti UHF láti 421 MHz lọ sókè, kúrò lórí ikànnì tó fẹ̀ tó 25 kHz, kí wọ́n bọ́ sórí èyí tó fẹ̀ tó 12.5, tí wọ́n ń pè ní narrowband. Bí ọjà tó kún ni ojú òfuurufú rí. Ìyá tó ń lo ìsọ̀ méjì á fún ara rẹ̀ jọ sínú ẹyọ kan, kí ẹlòmíràn lè ríbi pàtẹ. Òfin náà kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ra rédíò díjítà, kò sì ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti ohùn wọn pa kí aráàlú má baà gbọ́ ọ. Ánálọ́ọ̀gì tí à ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni, ó kàn tóóró sí i ni.

Kí ló wá ṣe scanner àtijọ́? Ohùn ló rẹlẹ̀. Lórí ikànnì fífẹ̀, ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè ti ìgbì náà sọ́tùn-ún sósì tó 5 kHz. Lórí tóóró, 2.5 péré ni. Scanner tí etí rẹ̀ ti mọ́ ti àkọ́kọ́ á gbọ́ ti ìkejì, àmọ́ bí ìdajì ni yóò máa dún. Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí àwọn panápaná wa yí tiwọn padà. Mo rò pé bátìrì ló ń kú lọ. Mo pààrọ̀ rẹ̀, kò yí padà. Mo wá yí fólúùmù láti orí 3 dé orí 6, ni ohùn obìnrin tó máa ń pè wọ́n bá jáde ketekete, ó ń dárúkọ òpópónà, ó ń ka nọ́ńbà ilé. Mo wá bọ́ sí ikànnì ojú ọjọ́, èyí tí àṣẹ yẹn kò kàn, ohùn náà sì bú débi pé ọmọ wa ta jí lórí àga. Ọlọ́jà kan tí mo gbé e lọ bá lọ́dún yẹn ní ó ti kú, kí n wá ra díjítà. Kò tilẹ̀ tàn án wò.

Ìṣòro kejì wà, n kò ní fi í pamọ́. Bí mo bá tẹ 155.7525, tí í ṣe ikànnì tí àwọn òṣìṣẹ́ ààbò fi ń ké sí ara wọn káàkiri Amẹ́ríkà, 155.755 ni Bearcat mi ń kọ sójú. Márùn-ún márùn-ún kHz ló ń fò lórí VHF, kò mọ bí a ti ń dúró sí àárín. Ohùn á ha díẹ̀, bíi ti ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ á yéni. Orí UHF ló ti lè burú. Scanner tó ń fò ní 12.5 kò lè dúró lórí 453.00625, yóò fi 6.25 tàsé rẹ̀, ohùn aládùúgbò á sì máa yọ wọlé. Ẹni tó bá nílò irú ikànnì bẹ́ẹ̀ ni kó ra tuntun, kó sì wò ó bóyá wọ́n kọ NFM, àmì narrowband, sí i lára.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Brooklyn. Apá UHF tó wà láàárín 470 sí 512 MHz, tí wọ́n ń pè ní T-Band, ni ọlọ́pàá New York ti ń sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Apá yẹn gan-an ni FCC yọ kúrò nínú gbèdéke 2013, torí pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣòfin ní 2012 pé kí wọ́n gbà á padà, kí wọ́n sì tà á. Narrowband tí kò di dandan fún wọn ni arákùnrin wa ń dá lẹ́bi! Oṣù keje 2023 ni ọlọ́pàá New York bẹ̀rẹ̀ sí í ti ohùn wọn pa, Brooklyn ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn díjítà lásán, scanner díjítà á gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ tì, kò sí scanner tó wà lórí àtẹ tó lè ṣí i, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n ṣe é. Ní Chicago, níbi tí àwọn ọlọ́pàá náà ti ti tiwọn pa, ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ni aráàlú tó ń gbọ́ ọ.

Àwọn aláṣẹ ní ọ̀daràn ń tẹ́tí, wọ́n sì ní orúkọ ẹni tí wọ́n ṣe níbi kò yẹ kó máa lọ lójú òfuurufú. Òdodo wà níbẹ̀. Kí wọ́n ti ikànnì tí wọ́n fi ń lọ ká ọ̀daràn mọ́lé, kí wọ́n sì fi èyí tí wọ́n fi ń rán ọkọ̀ jáde sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí ìbọn dún ní ìkángun òpópónà rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń bọ̀ láti ilé ìwé, kí ló fẹ́ fi ìròyìn ìṣẹ́jú 30 sẹ́yìn ṣe? Ohun tó ń dùn mí nínú lẹ́tà arákùnrin wa nìyí. Bí a bá ń pe kọ́kọ́rọ́ yìí ní narrowband, a ó gbà pé bí rédíò ṣe rí nìyẹn, a ò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Àwọn èèyàn kan ló jókòó pinnu rẹ̀, wọ́n lè tún un pinnu.

Arákùnrin mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da scanner yín nù. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i, ẹ na áńténà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ tẹ 162.550, ikànnì ojú ọjọ́ New York. Bó bá sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ le. Ẹ mú lẹ́tà yín lọ bá aṣojú àdúgbò yín ní ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ má kàn gbé scanner náà sínú mọ́tò o, òfin ìpínlẹ̀ yín kò gba rédíò tó ń gbọ́ ọlọ́pàá nínú ọkọ̀ láìsí ìwé àṣẹ. Bí kò bá sì sọ̀rọ̀ rárá, Olóòtú ní àdírẹ́sì mi. Ẹ fi ránṣẹ́, màá tú u wò.

Èmi ni tiyín,
Atúnrédíòṣe, Pennsylvania