Ẹ̀sùn Lórí Ọ̀gá Tí Kì Í Béèrè

Ẹ̀yin tí ìjọba tàbí iléeṣẹ́ gbé wá sí etíkun Àgbádárìgì, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, olùkọ́, aṣọ́bodè, ẹnjiníà àti ọ̀gá ọ́fíìsì, ẹ̀yin la fẹ̀sùn kàn. A ò ní ọ̀lẹ ni yín. A ò ní ẹ ò kàwé. Ohun tí a wí ni pé ẹ̀ ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ láì mọ̀ wọ́n, nítorí ẹ kì í béèrè. Bí ẹ bá sì béèrè, ẹ kì í dúró gbọ́ èsì.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ kì í béèrè èdè tí èèyàn gbọ́.
Àwọn Ògù, tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní Ègùn, ló pọ̀ ní Àgbádárìgì, èdè wọn sì sún mọ́ Fọ̀n ju Yorùbá lọ. Ẹ wá wo ilé ìwòsàn. Ìyá kan gbé ọmọ wá láti òdìkejì ọ̀sà. Nọ́ọ̀sì sáré fi Yorùbá wí fún un pé, "Ṣíbí kan láàárọ̀, kan lálẹ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Ṣé ó yé yín?" Ìyá náà mi orí: "Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì." Ó tán. Nígbà tí àìsàn náà padà dé, wọ́n ní ìyá ò gbọ́ràn. Ká ní nọ́ọ̀sì sọ pé, "Ìyá, báwo lẹ ṣe máa fún un lóògùn yìí bí ẹ bá délé?", kíá ni ì bá ti hàn pé ọ̀rọ̀ ò wọlé, wọn ì bá sì pe ẹni tó gbọ́ Ègùn kó bá wọn túmọ̀.

Ẹ̀sùn kejì: ẹ ti fi èsì sínú ìbéèrè.
"Kò sí ìṣòro, àbí?" "Gbogbo yín ti fara mọ́ ọn, ṣé?" Ta ni yóò dìde ní ìpàdé láti tako ọ̀gá tó ti parí ọ̀rọ̀? Ní ọ̀nà Seme, ibodè wa pẹ̀lú Benin, níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró léraléra, "Kí lo rù?" tí wọ́n ń bi ìyá oníṣòwò, ohùn tí wọ́n fi ń bi olè ni. Ẹni tí wọ́n bi báyẹn kì í wá òótọ́. Ohun tí yóò jẹ́ kó kọjá ló ń wá. Ẹ ti kọ́ ọ ní irọ́ tán, ẹ tún ń ké pé onírọ́ làwọn ará ibodè.

Ẹ̀sùn kẹta: ẹ̀ ń dájọ́ lẹ́nu ẹnì kan.
Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè pa nítorí fàyàwọ́. Lóṣù kọkànlá, àwọn aṣọ́bodè ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè mọ́. Àwọn tó ń gbé epo sá kọjá ni wọ́n ń lé, ṣùgbọ́n àṣẹ náà ká ilẹ̀ Àgbádárìgì mọ́, bẹntiróòlù sì ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ń mu. Ìbéèrè kan péré létí omi, "Kí lẹ fi ń tukọ̀ jáde?", ì bá ti fi hàn pé apẹja yóò jẹ nínú ìyà fàyàwọ́. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Seme padà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ̀sùn kẹrin: wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ ò jókòó.
Otodo Gbame, lápá Lẹ́kí, jẹ́ abúlé apẹja Ègùn nígbà kan. Lóṣù kìíní 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní kí ìjọba Èkó àtàwọn ará etí omi lọ jọ sọ ọ́ kó yanjú. Lóṣù kẹta àti oṣù kẹrin, katapílà ló lọ síbẹ̀. Lóṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ dá a pé lílé tí wọ́n lé wọn láìfún wọn níbùgbé lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Nítorí náà, bí apẹja kan ní Àgbádárìgì bá dákẹ́ ní ìpàdé yín, ẹ má pè é ní alágídí. Ó ti rí ibi tí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ já sí.

Ẹ̀sùn karùn-ún: ẹ pa ẹni tó mọ̀nà lẹ́nu mọ́.
Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà Agbálátà ní Àgbádárìgì. Ọ̀gá kan wá pe ìpàdé àwọn obìnrin sọ́jọ́ ọjà. Àga ṣófo. Ó kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ pé wọn ò fẹ́ ìdàgbàsókè. Akọ̀wé rẹ̀, ọmọ ìlú, mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni, kò sọ. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀gá ń tẹ fóònù, kò gbójú sókè tó fi ní, "Mo ti gbọ́." Àlejò lójú, kò fi ríran, èyí tún wá lé ẹni tí ì bá bá a ríran sẹ́yìn.

A mọ àwíjàre yín. Ẹ ní kò sí àkókò. Ẹni tó ráyè kọ ìjábọ̀ ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò wá, ó ráyè béèrè ọjọ́ ọjà. Ẹ ní bẹ́ ẹ bá gbọ́ tiwọn, iṣẹ́ ò ní lọ. Gbígbọ́ yàtọ̀ sí gbígbà. Kí aṣọ́bodè mú onífàyàwọ́, kí nọ́ọ̀sì má yí òṣùwọ̀n oògùn padà. Ẹni tí wọ́n gbọ́ tirẹ̀ tán lè gba "rárá" lọ́wọ́ yín láì di ọ̀tá.

Ohun tí a béèrè nìyí. Ẹ mọ èdè ẹni kí ẹ tó bá a sọ̀rọ̀. Ẹ dín "ṣé" kù, kí ẹ fi "báwo" àti "kí ló dé" rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹni sọ fún un kí ẹ tó fèsì, kó lè ní, "Bẹ́ẹ̀ ni" tàbí, "Kì í ṣe ohun tí mo wí nìyẹn." Kí ẹ sì kọ́kọ́ bi ọmọ ìlú tó wà lábẹ́ yín. Àwa náà ò ní dájọ́ lẹ́nu ẹnì kan: ẹ wá sọ tẹnu yín. Ẹ má kàn mú ọjọ́ ọjà.