Òtútù Kọ́ Ló Pa Rosemary Yín

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ igi rosemary ló ká mi lára lọ́sẹ̀ yìí. Aládùúgbò mi kan níbí ní London ní òtútù ló pa tirẹ̀. Mo bá a fà á tu: gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, ó ń yọ̀ bí ilá àná, ó sì ń rùn. Òtútù kẹ̀? Omi ni! Etí Òkun Mẹditaréníà, láàárín àpáta àti iyanrìn, ni igi yìí ti wá; amọ̀ London ní tirẹ̀ ń gba omi dúró bí àmù. A wá ń ṣe é bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe àlejò: ó ti yó, wọ́n tún ń bù kún un. Láti 2019 ni tèmi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ń pa. Mo po òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀; yàtọ̀ sí ọdún tí mo gbìn ín, n kò bomi rin ín mọ́. Yìnyín bọ́ lé e lórí, kò wọ́wé. Bí aṣọ mi bá fara kàn án pẹ́nrẹ́n, òórùn dídùn rẹ̀ á bá mi wọlé. Bó bá ti yọ òdòdó tán, ẹ rẹ́ ẹ lórí, àmọ́ ẹ má gé e dé ibi igi tí kò léwé mọ́. Ibẹ̀ kì í sábà rúwé padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ike omi yẹn sílẹ̀.