Ọmọ Ọdún Mẹ́fà Kì í Ṣe Ọ̀mọ̀wé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè má dùn mọ́ àwọn òbí kan nínú, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí ìyẹn gbé e mì.

Mo rí àtẹ àkókò iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn. Mo ka iṣẹ́ 14. Verbal Reasoning dá dúró, Quantitative Reasoning dá dúró, Phonics tún yàtọ̀ sí English. Basic Science, Computer, French, Civic Education, gbogbo wọn ló ní ìwé tiwọn àti ìdánwò tiwọn. Yorùbá gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ tí wọ́n to gbogbo èyí kalẹ̀ fún kò ju ọdún 6 lọ.

Àwọn òbí á ní ayé kọ̀ǹpútà la wà. N kò bá kọ̀ǹpútà jà. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò pé bí orúkọ iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ̀ ọmọ yóò ṣe pọ̀ tó. Ọmọdé kò mọ ìmọ̀ ní yàrá-yàrá. Ẹ fún un ní hóró àgbàdo mẹ́wàá kí ó gbìn: yóò kà wọ́n, yóò máa bomi rin wọ́n, yóò rí i pé mẹ́jọ hù, méjì kò hù, yóò béèrè ìdí rẹ̀, yóò sì ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní alẹ́. Ìṣirò ni, sáyẹ́ǹsì ni, èdè ni. Lójú ọmọ náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Àwa àgbà ni a pín in sí ìwé mẹ́ta, tí a sì ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún bàbá rẹ̀.

Verbal Reasoning yẹn gan-an, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ tí àlọ́ àpamọ̀ ti ń ṣe tipẹ́ ni? Ẹni tó bá sì pe 16 ní ẹ̀rìndínlógún ti yọ mẹ́rin kúrò nínú ogún kí ó tó pa ẹnu dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní òǹkà wa le jù fún ọmọdé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ tí a bá gòkè dé ọgọ́rùn-ún àti igba. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàrin ení sí ogún.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ifẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n gbájú mọ́: Yorùbá, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, àti Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n wá olùkọ́ àkànṣe fún, wọ́n sì kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ èdè àjòjì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ibi tí ó yẹ kí olùkọ́ àkànṣe wà ni wọ́n fi í sí.

Ìjọba náà mọ̀ pé ẹrù ti wúwo jù. Ní ọdún 2025, wọ́n ní kí iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta má kọjá 10. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ọmọ tán, wọ́n wá gba òṣùká lọ́wọ́ rẹ̀!

Ìdí tí wọ́n sì fún wa ni pé àwọn ọmọ ibi tí a ti ń lo èdè abínibí ń fìdí rẹmi nínú WAEC. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ a máa lo ọdún 12 kí ó tó jókòó fún WAEC. Èyí tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún 2022 kò tíì kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kéde. Báwo ni ìlànà náà ṣe wá pa á láyò nínú ìdánwò tí kò tíì rí?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní kíláàsì kìn-ín-ní, ẹ lọ bi olùkọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: nígbà iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, ṣé ọmọ yìí máa ń béèrè ìbéèrè? Èdè wo ló sì fi ń béèrè é?