Ta Ni Ó Lé Bàbá Jáde?

Orúkọ kan wà tí àwọn èèyàn wa tí ń gbé Amẹ́ríkà fi ń pe aláwọ̀ dúdú tí a bí sí ilẹ̀ náà: akátá. Bí wọ́n bá ti pè é tán, ohun tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé bàbá akátá kì í tọ́jú ọmọ, pé ó kàn ń bí wọn kiri ni, kò sì mọ ibi tí wọ́n sùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa nílé náà ti rí i nínú fíìmù, wọ́n sì ti gbà á bí òótọ́. Àwa kò gbà á. Irọ́ ni, irọ́ tí ó sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ lára ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣírò ọ̀rọ̀ ìlera gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn bàbá. Nínú àwọn bàbá aláwọ̀ dúdú tí ń bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 gbé, 70 nínú 100 ni ó ń wẹ ọmọ náà, tàbí tí ó ń wọṣọ fún un, tàbí tí ó ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ lójoojúmọ́. Ti àwọn òyìnbó jẹ́ 60. (Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń ka ìwé yìí, mélòó nínú yín ni ó mọ bí a ṣe ń so ìlédìí?)

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ni kò bá bàbá wọn gbé inú ilé kan náà. A kò ní torí àríyànjiyàn sẹ́ ohun tí ojú rí. Ṣùgbọ́n kí bàbá má sùn sílé yàtọ̀ sí kí ó má mọ ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin tí ń tajà ní Kano, tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn, ta ni ó ń pè é ní aláìbìkítà?

Ta ni ó tilẹ̀ lé e jáde? Ní ayé oko ẹrú, ipò ìyá ni òfin fi ń mọ ipò ọmọ; bàbá kò ní àṣẹ kankan lórí ọmọ tí ọ̀gá lè tà lọ́la. Ìyẹn ti pẹ́. Èyí tí kò pẹ́ ni ti ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí ìjọba ti ń gba owó ìrànwọ́ kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ bí wọ́n bá ti rí ọkùnrin lọ́dọ̀ ìyá wọn. Ọdún 1968 ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ tó fagi lé e. Ní 1965, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ Moynihan ti kọ̀wé pé ìdílé aláwọ̀ dúdú ń tú ká. Ọwọ́ kan ń lé ọkùnrin jáde, ọwọ́ kejì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nílé.

Lẹ́yìn náà ni òfin 1975 dé, èyí tí a fi ń gba owó ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́ bàbá. Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ èyí yóò ní ó dára, nítorí pé bàbá ni ìná ọmọ wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìyá bá ti gba ìrànwọ́ ìjọba, ìjọba ló máa ń mú owó tí bàbá san, láti fi dí owó tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, díẹ̀ ló ń dé ọwọ́ ọmọ, tàbí kí ó má tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá. Ní 1986, òfin mìíràn tún sọ pé gbèsè tí ó bá ti gorí bàbá, adájọ́ kankan kò lè dín in kù mọ́. Kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin ní oṣù kìíní, kí ó má sì dé kóòtù títí di oṣù kejìlá, gbèsè oṣù wọ̀nyẹn ti di tirẹ̀. Bí kò bá rí i san, wọ́n lè gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀; báwo ni yóò ṣe dé ibi iṣẹ́? Wọ́n lè tì í mọ́lé, gbèsè á sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn lẹ́kun ní 2016, àwọn ìpínlẹ̀ kan ka ẹ̀wọ̀n sí pé ọkùnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iṣẹ́ sílẹ̀! Nínú Sūratu t-Talāq, agbára ẹni ni a fi díwọ̀n ohun tí yóò ná. Ìwọ̀n wo ló wà nínú èyí?

Ètò tí a dá sílẹ̀ fún àwọn bàbá wọ̀nyí pọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1995, Farrakhan (ẹni tí a kò bá gba ohun tó gbà gbọ́) kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọkùnrin jọ sí Washington, wọ́n sì búra pé àwọn yóò tọ́jú ilé àwọn. Ó dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n ìbúra kì í san gbèsè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, Obama dúró nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Chicago lọ́jọ́ tí wọ́n fi ń yẹ́ bàbá sí, ó bá àwọn bàbá tó ti sá lọ wí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là lọ́dọọdún lórí ètò bàbá, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ kíláàsì. Wọ́n ń kọ́ ọkùnrin pé kí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹ dì í lẹ́sẹ̀ tán, ẹ wá ń kọ́ ọ bí a ti ń rìn!

Irú èyí tí àwa fọwọ́ sí ni ti Joseph Jones, tí ó dá sílẹ̀ ní Baltimore ní 1999, níbi tí wíwá iṣẹ́ fún ọkùnrin àti ríràn án lọ́wọ́ láti ṣe ojúṣe bàbá ti ń lọ pọ̀.

Ẹnìkan yóò ní a ń gbèjà ọ̀lẹ. Rárá o. Ẹni tí ó ní, tí ó sì fi du ọmọ rẹ̀, kí òfin mú un dáadáa, nítorí ìyá tí ó fi ẹrù méjì sílẹ̀ fún. Ti ẹni tí kò ní ni à ń wí.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Maryland àti Texas, àwọn ọmọkùnrin tí ẹ bí síbẹ̀ ti di aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lójú adájọ́. Kò ní béèrè bóyá Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá wọn ti wá. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló di dandan kí ìjọba fún tálákà ní lọ́yà, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ rán an lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè owó ọmọ. Ẹgbẹ́ yín ń rí owó san fún gbọ̀ngàn àti aṣọ ẹbí. Ẹ yọ owó lọ́yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹni tí ẹ ń pè ní akátá náà sì jẹ níbẹ̀.