Ìhàlẹ̀ Mi ní Ọjà Àgbò

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ó ku ọ̀la kí a ṣe ọdún Iléyá nígbà tí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin lọ sí ọjà ẹran ní Akínyẹlé. Àgbò oníwo kan wù wá. Ẹlẹ́ran pe ₦200,000. A ná an títí. Òun dúró ní ₦175,000, èmi dúró ní ₦165,000. Ni mo bá kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń rọra lọ, mo ń tẹ́tí kí ó ké pé, "Bàbá, ẹ padà wá mú un." Kò pè mí. Bẹ́ẹ̀ ₦180,000 wà nínú àpò mi!

Kí n tó sọ bí ó ti parí, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ ìṣirò ní Lálúpọn, wí. Ó ní mo ṣe bí ẹni tí kò mọ póòkà ta. Nínú eré káàdì yìí, bí wọ́n ti ń ta á jù lóde òní, káàdì méjì ni olúkúlùkù ń fi pamọ́. Márùn-ún ni wọn yóò ṣí sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Bí ìkarùn-ún bá ti ṣí, kò sí káàdì mìíràn tí yóò gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Ẹni tí káàdì rẹ̀ dára a fi owó lé owó. Ẹni tí tirẹ̀ kò dára rárá lè fi owó halẹ̀, kí ẹnì kejì lè sá. Bí ₦10,000 bá wà nílẹ̀, tí ó fi ₦5,000 halẹ̀, bí wọ́n bá sá fún un lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kò jèrè, kò sì pàdánù. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní àárín ni kí ó má fi owó sí i: àwọn tí ì bá nà ni yóò sá, àwọn tí yóò nà án ni yóò dúró dè é.

Ṣùgbọ́n ta ni à ń halẹ̀ mọ́? Ẹni tí ó ní ohun tí ó ń bẹ̀rù. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo kọ ẹ̀yìn. Èrò ṣì ń rọ́ wọlé. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú tí àgbò ṣì kù lọ́wọ́ ẹlẹ́ran, tí ó ń ronú oúnjẹ wọn àti owó ọkọ̀ tí yóò fi kó wọn padà, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. (Ẹ̀yin ìyálọ́jà, mo mọ̀ pé ẹ ti mọ èyí kí a tó bí olùkọ́ ìṣirò.) Ìtàn mi pàápàá kò dọ́gba: mo ti ya ẹnu àgbò náà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ mi sì ti di okùn rẹ̀ mú. Ta ni yóò gbà pé a ń lọ ní tòótọ́?

A padà ní aago márùn-ún. Wọ́n ti fa àgbò náà lọ. Èyí tí ó kéré sí i ni mo rà ní ₦172,000. Ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Mọ́níyà.