Ẹ̀wà Kọ́ Ló Wọ́n, Iná Ni

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo ti ọjà Bódìjà dé, mo pa gbogbo iná ilé, mo yọ wáyà fíríìjì, mo sì lọ dúró ti mítà. Mo kọ nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀ sínú ìwé. Mo wá bu ààbọ̀ kóńgò ẹ̀wà olóyin sínú ìkòkò prẹ́ṣọ̀ oníná mànàmáná, mo bu omi sí i, mo dé e, mo tẹ bọ́tìnì. Nígbà tí ẹ̀wà jinná tí mo padà síbẹ̀, yúnìtì 0.38 ló ti lọ. Band A, ìpele tó ń rí iná jù lọ, ni àdúgbò wa, 209 náírà àti 50 kọ́bọ̀ la sì ti ń ra yúnìtì kan láti oṣù keje ọdún 2024. Tí a bá fi VAT kún un, iná tí ẹ̀wà yẹn jẹ kò pé 90 náírà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo se irú ẹ̀wà kan náà, ìwọ̀n kan náà, lórí gáàsì. Mo gbé sílíńdà kékeré wa sórí ìwọ̀n kí n tó tan iná, mo sì tún gbé e nígbà tí mo sọ ìkòkò kalẹ̀. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi jinná, gáàsì tó sì jó tó gíráàmù 170. Ní 1,200 náírà tí mo ra kílò kan, 204 náírà nìyẹn.

Ìdí wà tí mo fi ń ka kọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹ̀wà fún mi ló sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò tíì padà tán, nígbà tó jẹ́ pé owó ẹ̀wà tó fò sókè lọ́nà tó bani lẹ́rù ní ọdún 2024 ti wálẹ̀ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀wà kọ́ ló wọ́n mọ́, iná tí wọ́n máa fi sè é ni.” Òótọ́ ló sọ. Ìrẹsì kì í pẹ́ lórí iná, gàrí kò tilẹ̀ béèrè iná tí a bá fẹ́ mu ún. Ẹ̀wà, òun àti ṣàkì àti ẹsẹ̀ màlúù, ló máa ń jókòó sórí iná títí gáàsì á fi máa dun ènìyàn. Ilé tí kò bá rí owó gáàsì á wá fi ẹ̀wà sílẹ̀, ẹ̀wà tó ti jẹ́ ẹran tálákà láti ìgbà àwọn ìyá wa. Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á fi káún sí i, káún á sì ba fítámì inú rẹ̀ jẹ́. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń ju pàrásítámọ́ sínú ẹran kó lè tètè rọ̀. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀, nítorí ó lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. N kò rò pé ìkà ni àwọn tó ń ṣe é. Owó iná ló ń lé wọn.

Ohun tí ìkòkò prẹ́ṣọ̀ ń ṣe kò ṣòroó yé. Omi inú ìkòkò lásán kì í gbóná ju ìwọ̀n 100 Celsius lọ, bó ti wù kí iná abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Ìyókù ooru náà, inú afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ló ń lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ìkòkò pa tí ooru kò rí ibi jáde, omi náà á gbóná tó 115 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun líle á sì rọ̀ kíákíá. Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1679 láti fi rọ eegun, òun náà ló sì fi fáàfù sí i kó má baà bú gbàmù. Àwọn ìyá wa mọ èyí tí wọ́n ń gbé ka sítóòfù, tó máa ń súfèé, tí ọmọdé ilé máa ń sá fún. Èyí tó ń lo iná mànàmáná mọ ìgbà tó yẹ kó gbóná àti ìgbà tó yẹ kó sinmi. Nínú ogójì ìṣẹ́jú tí ẹ̀wà mi lò, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún péré ló fi fa iná.

Ó ní bí a ṣe ń lò ó o. Ẹ̀wà àti omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì ìkòkò, nítorí ìfófòó rẹ̀ lè dí ojú fáàfù. Ṣíbí òróró kan máa ń pa ìfófòó náà. Tó bá jẹ́ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni, orí ìrẹsì ni kí ẹ da ata sí, ẹ má rò ó pọ̀, torí tí ata tó ki bá fi lè lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ìkòkò á dá iṣẹ́ dúró. Àwọn bọ́tìnì ara rẹ̀ ń sọ nípa kéèkì àti yógọ́ọ̀tì, kò sí ọ̀kan fún ẹ̀wà olóyin tàbí ògúnfe. Àwa la máa fi ọgbọ́n wá tiwa. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì tó fún ṣàkì mi. Àmàlà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọmọrogùn ṣì ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ owó. 78,000 náírà ni mo ra ìkòkò lítà mẹ́fà yìí. Ohun tí mo ń rí dá sí lórí ìsè kan kò pé 120 náírà. Ẹni tó bá ń fi sè lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́sẹ̀ máa tó ọdún méjì àbọ̀ kí ìkòkò tó san owó ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ lọ rà á nítorí gáàsì nìkan, kò tíì ṣírò rẹ̀. Ibòmíràn ni èrè rẹ̀ wà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo ti rí i. Télọ̀ ni. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà níwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná. Tí ẹ̀wà bá wà lórí iná, wọ́n á rán díẹ̀, wọ́n á dìde lọ wo omi. Wọ́n á tún rán, wọ́n á tún dìde. Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kan, mo kà á: ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n dìde lórí ọrùn búláòsì kan. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìkòkò mi lọ síbẹ̀ tí a sì bá iná pàdé, wọn ò dìde rárá títí ìkòkò fi ké. Búláòsì ọjọ́ náà parí, ẹni tó ni ín gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì sanwó. Kò sí ìwé ìṣirò ọrọ̀ ajé kankan tí mo ti kà tí wọ́n kọ ìdìde mẹ́sàn-án sí.

“A bá iná pàdé” ni mo sọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Band D ni àdúgbò tiwọn. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, ní kí irú wọn máa rí iná, nígbà tí Band A ń retí ogún, iye tí wọ́n sì ń ra yúnìtì kò tó ìdajì tiwa. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ kí ẹ̀wà ti rọrùn sè jù lọ, kò ní jẹ iná 45 náírà. Ìkòkò yìí kò béèrè ogún wákàtí. Kò béèrè mẹ́jọ pàápàá. Ogójì ìṣẹ́jú ló ń fẹ́, tí iná bá sì lọ lẹ́yìn tó ti gbóná tán, ooru tó há sínú rẹ̀ á ṣì máa bá iṣẹ́ lọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò ní ni àsìkò. Iná lè dé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó lè dé ní agogo kan òru, kò sí ẹni tó ń sọ fún wọn. Torí náà wọ́n ra gáàsì, wọ́n tún ra èédú pamọ́ de ọjọ́ tí gáàsì bá tán nígbà tí owó kò sí. Owó iná, ti gáàsì àti ti èédú: owó mẹ́ta ni wọ́n ń ná lórí oúnjẹ kan.

Òfin Iná Mànàmáná ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ lágbára láti bójú tó ọ̀rọ̀ iná tiwọn. Mo bẹ àwọn tó wà nídìí rẹ̀: ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná lẹ ìwé mọ́ òpó àdúgbò kọ̀ọ̀kan, pé láti agogo báyìí sí agogo báyìí ni tiyín, kí wọ́n sì mú un ṣẹ. Wọn ò ní fi ìṣẹ́jú kan kún iná, síbẹ̀ wọ́n á ti fi owó sápò àwọn ènìyàn. Ní Kenya, Kenya Power fúnra rẹ̀ ló gbé ètò Pika na Power kalẹ̀ láti máa fi bí a ṣe ń fi iná mànàmáná dáná han àwọn oníbàárà. Ó yé wọn pé ẹni tó bá ń fi iná sè á máa ra iná.

Ti 78,000 náírà, ìyẹn kò nílò ìjọba. Ẹni tó ń ra èédú lọ́ràá lójoojúmọ́ ń náwó, kò kàn rí i kó jọ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ohun tí a fi èésú ṣe gan-an nìyẹn. Obìnrin méjìlá tó bá ń dá 6,500 náírà lóṣooṣù, 78,000 géérégé ni wọ́n á máa kó fún ẹnì kan; kí ọdún tó yí, gbogbo wọn ti ní in. Ìkòkò náà kì í sì í tètè bàjẹ́. Instant Pot, irú ìkòkò yìí tí Robert Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà láti Kánádà ní ọdún 2010, wọ ilé káàkiri Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé iṣẹ́ tó ni ín sá lọ sí kóòtù fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Owó èlé ga, ọjà sì ti lọ sílẹ̀. Lára ohun tí àwọn ènìyàn tọ́ka sí ni pé ẹni tó ra ọ̀kan kì í ní ìdí láti ra èkejì. Ìṣòro olùtà nìyẹn, èrè ni fún ẹni tó fi èésú rà á. Rọ́bà ìdérí nìkan ni mo tíì pààrọ̀ lára tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kó èésú tiwọn ní oṣù tó kọjá, wọ́n sì ti ra ìkòkò. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí wọn ò mọ ìgbà tí iná ń bọ̀. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, mo ti mọ ohun tí mo ń ṣe sí i.” Lálẹ́, wọ́n á ṣa ẹ̀wà, wọ́n á bù ú sínú ìkòkò, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á dé e, wọ́n á kì í mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á wá tẹ súìṣì gílóòbù ilé ìdáná sílẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n á sì fi ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tí gílóòbù bá ti tàn, agogo kan ni o, agogo mẹ́ta ni o, wọ́n á dìde, wọ́n á tẹ bọ́tìnì, wọ́n á padà lọ sùn.