Ẹ Sọ Fún Oní-ínṣọ́ránsì Kí Ẹ Tó Gbé Gáàsì Sínú Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá ṣí bùútù Toyota Corolla tí wọ́n ti yí sí gáàsì, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni sílíńdà irin gbọọrọ kan tó dùbúlẹ̀ síbi tí ẹrù ń wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi ọ̀já irin dè é mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi bóòtù de ọ̀já náà mọ́ ara ọkọ̀. Ní ọrùn sílíńdà yìí ni wọ́n lu òǹtẹ̀ sí: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti ìwọ̀n ìfúnpá tó lè gbà. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú, níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan ti ń dín agbára gáàsì náà kù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, bọ́tìnnì kan ń tan iná wínníwínní. Awakọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ yóò sì kúrò lórí epo bọ́ sórí gáàsì.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ tí Toyota kó jáde mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ìwé ínṣọ́ránsì rẹ̀ wò, ọkọ̀ tí Toyota kó jáde yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn débẹ̀ kò farasin. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà epo tí kò tó 200 náírà ní Èkó nígbà náà ti súnmọ́ 1,000 náírà nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ìjọba àpapọ̀ gbé ètò tí wọ́n ń pè ní PCNGI dìde, wọ́n ní kí onímọ́tò yí ọkọ̀ wọn sí CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sílíńdà. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe káàbù láti Ìkòròdú lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un pẹ́ tó fi gbà.

Títún ọkọ̀ ṣe kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Orí férémù Mercedes 911 ni àwọn wẹ́dà ti fi páànù kọ́ bọ́dì mọlúè tó gbé àwọn òbí wa. Ọ̀pọ̀ danfó tó ń ná Òṣòdì ló jẹ́ pé ẹrù ló ń kó ní Yúróòpù kó tó di tòkunbọ̀. Ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti gé ara rẹ̀ láti fi fèrèsé sí, tí wọ́n sì jó ìjókòó onírin mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ni àwọn mẹkáníìkì ti ń gbé sítíárìn láti ọ̀tún lọ sí òsì. Ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè gbé ọkọ̀ ọdún 2010 wọlé kó sì gbé e jáde pẹ̀lú ojú ti ọdún 2020. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó sì yẹ kí á yìn wọ́n fún un. Ibi tó ti ń bà jẹ́ ni pé bí onímọ́tò bá ti sanwó fún mẹkáníìkì, ó gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Oríṣi ínṣọ́ránsì méjì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni tẹ́ẹ̀dì-pátì, èyí tí òfin sọ di dandan, tó ń san òfò fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wa bá kọ lù. Ìkejì ni kọ́mpirihẹ́ńsìfù, tó ń ro ti ọkọ̀ tiwa náà mọ́ ọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023, àjọ NAICOM tó ń ṣàbójútó àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti sọ tẹ́ẹ̀dì-pátì ọkọ̀ àdáni di 15,000 náírà lọ́dún, láti 5,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Òfò dúkìá ẹlòmíràn tí ìwé náà lè san kò kọjá mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Fún kọ́mpirihẹ́ńsìfù, àjọ náà ní kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọkọ̀ náà tó, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó.

Kí onímọ́tò tó ń wá ínṣọ́ránsì olówó pọ́ọ́kú fi iye wọ̀nyí sọ́kàn. Ajẹ́ńtì tó bá ní òun yóò ṣe kọ́mpirihẹ́ńsìfù ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì tó ń ta tẹ́ẹ̀dì-pátì ọkọ̀ àdáni ní 5,000 náírà, bébà lásán ló ń tà. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀ tí kò rí i, kó yáa padà lọ bá ẹni tó gba owó rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá náà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2025 ni àwọn yóò ti máa yẹ tẹ́ẹ̀dì-pátì wò lójú títì káàkiri orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ọkọ̀ kan tó mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, owó kọ́mpirihẹ́ńsìfù rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti 300,000 náírà. Onímọ́tò wá ná mílíọ̀nù kan láti gbé gáàsì sí i. Bó bá sọ fún ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n kọ mílíọ̀nù méje, owó náà yóò di 350,000. 50,000 péré ló lé. Bó bá dákẹ́, tí olè gbé ọkọ̀ náà, mílíọ̀nù mẹ́fà ni òpin ohun tó lè gbà. Sílíńdà, páìpù, ẹ̀rọ àti owó iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ti bá olè lọ. Èyí tún sàn. Èyí tó burú jù ni kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ láti san kọ́bọ̀, nítorí pé ọkọ̀ tí wọ́n bá nínú jàǹbá kì í ṣe èyí tí wọ́n gbà láti dáàbò bò.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní ìdí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàmù níbi tí wọ́n ti ń ta CNG ní ìlú Benin, àwọn ènìyàn sì farapa. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ PCNGI ṣe ni pé sílíńdà náà kì í ṣe ojúlówó, wẹ́dà ló ti tún un jó. Ìfúnpá gáàsì nínú sílíńdà CNG máa ń tó 200 bar. Ti gáàsì ìdáná kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ojú gáàsì ìdáná wo CNG, ikú ló ń gbé kiri. Ẹ wá ro ẹni tó wà lórí ìlà lẹ́yìn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn rẹ̀ bí ìwé ínṣọ́ránsì ẹni tó fà á bá jẹ́ ayédèrú?

Síbẹ̀, ẹ̀bi náà kò tán sọ́rùn onímọ́tò. Òfin adójútòfò ọdún 2003 sọ ọ́ kedere pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó bá fẹ́ mọ̀ nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, àti pé ohun tí wọn kò bá béèrè, wọn kò lè pè é ní pàtàkì tó bá yá. Ṣùgbọ́n òfin kan náà sọ pé ajẹ́ńtì tó bá bá oníbàárà kọ fọ́ọ̀mù, ajẹ́ńtì oníbàárà ló jẹ́ nínú iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá sọ fún ajẹ́ńtì lẹ́nu pé òun ti gbé gáàsì sí ọkọ̀, tí ìyẹn kò kọ ọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ ló ṣe. Ọdún 2025 ni òfin tuntun rọ́pò ti ọdún 2003 yìí, àsìkò sì nìyí fún àwọn ilé-iṣẹ́ láti tún fọ́ọ̀mù wọn kọ. Kí ìbéèrè kan tó yéni wà níbẹ̀: ṣé ọkọ̀ yìí ń lo gáàsì, ta ló gbé e sí i, níbo ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Peckham ní ìlú London ti mọ ìbéèrè yìí ní àmọ̀dunjú. Nígbà míì, irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn pàápàá, wọn yóò ní kí o sọ ọ́. Òfin ínṣọ́ránsì wọn ti ọdún 2012 fẹ́ kí oníbàárà fara balẹ̀ dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, ilé-iṣẹ́ lè fagi lé ìwé rẹ̀. Awakọ̀ tí ọlọ́pàá bá mú láìní ínṣọ́ránsì tòótọ́ lè san £300 kó sì gba àmì 6 sórí láísẹ́ǹsì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba láísẹ́ǹsì, àmì 6 yẹn ti tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun rere kan wà níbẹ̀ tí àwa kò tíì ní tó: àwọn alágbàtà wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe ni iṣẹ́ wọn gan-an. Wọ́n mọ èyí tó léwu yàtọ̀ sí èyí tó kàn rẹwà, wọ́n sì ń bá ilé-iṣẹ́ dúnàá-dúrà lórí iye ọkọ̀ náà kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀.

Níbí náà, ọ̀nà wà láti mú kí owó ínṣọ́ránsì rọjú. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù: rìsíìtì ibi tí wọ́n ti gbé gáàsì sí ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí wọn, àti fọ́tò òǹtẹ̀ ọrùn sílíńdà, kí onímọ́tò kó gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ kó tó lọ jókòó níwájú oní-ínṣọ́ránsì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọpa ọkọ̀ tí olè bá gbé máa ń mú kí ọkàn wọn balẹ̀. Ẹni tó bá gbà láti fi owó ara rẹ̀ ṣe àtúnṣe kéékèèké, tó fi ti ńláńlá sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́, lè béèrè ẹ̀dínwó lórí ìyẹn. Èyí tó dá òǹkọ̀wé yìí lójú jù lọ ni ti ẹgbẹ́: àwọn onímọ́tò 50 nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, tí ibì kan náà gbé gáàsì sí ọkọ̀ wọn, tí wọ́n jọ lọ bá ilé-iṣẹ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn yóò wúwo ju ti ẹnì kan ṣoṣo lọ. Àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ tó ń gba owó lójoojúmọ́ ní gáréèjì ló yẹ kó ṣáájú nínú èyí.

NAICOM àti PCNGI ló sì ni apá tó kù. Ìjọba ló ní kí aráàlú yí ọkọ̀ wọn padà. Ọkọ̀ tí ibi tó ní ìwé àṣẹ bá gbé gáàsì sí, kí ínṣọ́ránsì rẹ̀ má ṣe wọ́n ju ti ọkọ̀ elépo tí iye wọn jọ dọ́gba. Bí wọn kò bá ṣe é, àwọn ènìyàn yóò máa fi sílíńdà náà pamọ́ fún oní-ínṣọ́ránsì, ọwọ́ àwọn wẹ́dà ayédèrú yóò sì máa dí.

Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé gáàsì sí i lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má tíì lọ gbé e. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì yín lónìí, ẹ so fọ́tò àti rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ sì gba èsì tí wọ́n fọwọ́ sí kí ọkọ̀ náà tó kan títì.